Ikọ́ Tí Mo Gbé Pamọ́ Nítorí Ọlidé Lebone

Ha Ramokoatsi,
Lókè Mokhotlong,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún.

Keneuoe, ọmọ mi,

Àlàáfíà ni fún ọ, kí òjò máa rọ̀ lásìkò, kí oúnjẹ má sì wọ́n nínú ilé rẹ. Mo kí ọkọ rẹ, mo kí Lebone ọmọ ọmọ mi, mo kí gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ránṣọ ní Maseru, àní mo kí ọ̀gá yín náà tó máa ń wo aago tí ẹ bá dìde lọ tọ̀. Ọlọ́run tó mú wa la ìkórè já kò ní fi wá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà òtútù. Ìyá rẹ kí ọ. Ó jókòó tì mí nídìí iná, ó ń pa ọkà bàbà, ó sì ń wo ìka mi bí ẹni tó mọ̀wé, kí n má baà fo èyí tó ní kí n kọ.

Nílé níbí, a dúpẹ́. Ọkà bàbà ti wọlé, àgbàdo ò pọ̀ nítorí ìrì dídì tètè dé. Yìnyín ò tíì bọ́ sí abúlé, ṣùgbọ́n orí òkè ti funfun lẹ́ẹ̀mejì, òkúta la sì fi ń fọ́ ojú omi ìsun láàárọ̀ ká tó pọn ọ́n. Àgùntàn olórí dúdú yẹn kú, ó fi ọmọ kan sílẹ̀, inú ilé ni ọmọ náà ń sùn pẹ̀lú wa báyìí, ìyá rẹ ló ń fún un ní wàrà nínú ìgò, ó sì ti fún un ní orúkọ kan tí mi ò ní kọ síbí nítorí orúkọ àbúrò mi ọkùnrin ni. Ẹṣin ń bẹ, ó ń jẹun dáadáa.

Kí n tó lọ jìnnà, mo dúpẹ́ púpọ̀ fún àwọn ọ̀rọ̀ ìlera tí o ń tẹ̀ sórí fóònù mi. Láti ìgbà Àjíǹde tí o dá wá kí wa, tó o mú mi lọ sí kíléníìkì, tó o fi nọ́ńbà mi sílẹ̀ nínú ìwé wọn pé kí ara mi lè le títí di ọlidé òtútù, ni o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí mi. Aago méje òwúrọ̀ gééré ni, o ò yẹ̀ ẹ́ rí, àní lọ́jọ́ Àìkú. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ tá a bí yìí mà ní sùúrù o. Ohun kan ló ń kọ mí lóminú, ṣé o máa ń jẹun kó o tó kọ ọ́? Nítorí ọ̀rọ̀ rẹ máa ń le díẹ̀. O máa ń bẹ̀rẹ̀ pé Ará Wa Ọ̀wọ́n, bí ẹni pé a ò jọ jẹun rí, o kì í sì í béèrè ẹṣin. Mo ń dá ọ lóhùn lójoojúmọ́, mò ń jẹ́ kó o mọ bí mo ṣe ṣe é, o ò fèsì rí, fóònù á kàn sọ pé ọ̀rọ̀ mi ò lọ. Mo gbà pé iṣẹ́ ló pọ̀.

Mo fẹ́ kó o mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe. Èyí tó o ní kí n mu omi ife mẹ́jọ lójúmọ́, mo mu ún. Torí kí n má baà gbàgbé, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo mu mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ nígbà tílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ojú rẹ̀, eyín mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já, gbogbo ọjọ́ yẹn ẹ̀yìn ọgbà ẹran ni mo wà, ajá gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé mi kó lè mọ ohun tí mò ń wá níbẹ̀. Èyí tó o ní ká jẹ oúnjẹ aláwọ̀ márùn-ún, a gbìyànjú. Òkèlè àgbàdo funfun, ẹ̀fọ́ tútù, ẹ̀wà pupa, ìyá rẹ wá elégédé mọ́ ọn, ó di mẹ́rin. A wá ìkarùn-ún títí, a ò rí i, ó bá ní kí n máa wo kúbùsù mi bí mo ṣe ń jẹun, nítorí ó ní àwọ̀ búlúù.

Èyí tó le jù ni ti fèrèsé. O mọ̀ pé tí òtútù bá ti ń bọ̀ la máa ń fi òkúta àti ẹrẹ̀ dí fèrèsé ilé roboto wa, bàbá mi ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá tó bí i ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti dí i tán, mo ti fi ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹ, ó ń dán, ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ rẹ dé pé ká máa ṣí fèrèsé lójoojúmọ́ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Mo tú u. Ìyá rẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ di alẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní ẹni tó bá fẹ́ afẹ́fẹ́ kó jáde síta, ìta ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Ó ní kí n kọ ìyẹn náà. Mo ti kọ ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn lo tún kọ ọ́ pé ká dín bíbọ ara wa lọ́wọ́ kù títí òtútù á fi lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn kó mi sí wàhálà. Níbi ìpàdé ìlú, baálẹ̀ na ọwọ́ sí mi lójú gbogbo èèyàn, mo bá ki ọwọ́ mi sábẹ́ kúbùsù tí mo dà bora. Baálẹ̀ béèrè pé kí lòun ṣe fún mi, mo ní kò ṣe mí ní nǹkan kan, ọmọ mi ló ní kí n má ṣe é. Ó ní ọmọ mi wo, mo ní Keneuoe. Mo mú fóònù mi jáde, mo kà á sókè, baálẹ̀ náà bá mú tirẹ̀ jáde, ó ní ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló wọlé sórí tòun láàárọ̀. Ni mo fi mọ̀ pé o ń kọ̀wé sí baálẹ̀ náà. Ìyẹn dára, ọ̀wọ̀ ni, láti ọjọ́ yẹn igi ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń kí gbogbo wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí 'Mamokete ìyàwó ilé kejì tún ní o ń kọ sí òun náà, ó dùn mí díẹ̀. 'Mamokete tí kò tíì dá garawa wa padà, kí ló kàn ọ́ nínú ìlera rẹ̀?

Keneuoe, kì í ṣe ọ̀rọ̀ garawa ni mo fẹ́ sọ. Mò ń rìn yí ọ̀rọ̀ ká ni, nítorí ẹ̀rù ń bà mí. Mo purọ́ fún ọ.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù yìí lo pè, o ní ojoojúmọ́ ni Lebone ń béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n máa gba ọlidé òtútù kó lè wá sọ́dọ̀ wa. O ní àyà rẹ̀ ò tíì lágbára, o rán mi létí bó ṣe dùbúlẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlá ní ọsibítù lọ́dún tó kọjá pẹ̀lú rọ́bà nímú, o wá ní bí ẹnikẹ́ni bá ń wúkọ́ nílé kí n tètè sọ, kó o má baà gbé e wá. Mo dá ọ lóhùn pé koko lara gbogbo wa le, pé ẹṣin pàápàá kò sín. Bẹ́ẹ̀ mo ti ń wúkọ́ nígbà náà. Ìgbà tá à ń gé ọkà bàbà ló bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tó o ti padà sí Maseru. Mo kọ́kọ́ ní eruku ọkà ni. Nígbà tó yá mo ní ẹ̀fín ni. Lẹ́yìn náà òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bò mí lójú oorun nínú òtútù tí omi ń dì, ṣòkòtò mi sì ń bọ́ nídìí mi, mi ò rí nǹkan tí mo lè pè é mọ́, mo bá dákẹ́.

Ìyá rẹ mọ̀. Kò sí obìnrin tó máa bá ọkùnrin sun orí ẹní kan tí kò ní mọ̀. Òun ló máa ń kọrin ìjọ sókè tí o bá pè, ìwọ náà tiẹ̀ sọ pé Ìyá ti wá fẹ́ràn Ọlọ́run ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ikọ́ mi ni orin yẹn ń bò. Tí orin bá tán tí ikọ́ ò tán, á máa fi orógùn gbá ìkòkò. Ó se ewé lengana kíkorò, ó da kúbùsù bò mí lórí kí n máa fa ooru rẹ̀ símú, ọjọ́ kan péré ni ikọ́ náà fi dẹ̀. A jọ ṣe é ni, má fi mọ sí èmi nìkan. Ọdún kan àbọ̀ ni a ò tíì fojú kan ọmọ yẹn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Tèmi ò tó ọ̀sẹ̀ kan. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, aago méje, ọ̀rọ̀ rẹ wọlé pé Ará Wa Ọ̀wọ́n, bí ìwọ tàbí ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ bá ti ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, má ṣe fi pamọ́, lọ sí kíléníìkì. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bi ìyá rẹ bóyá òun ló sọ fún ọ, ó fi sàréè ìyá rẹ̀ búra pé òun ò sọ. Mo wá rò ó pé abẹ́ ìrọ̀rí mi ni fóònù yẹn máa ń sùn, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ti rò ó fún ọ. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ wé e, mo gbé e lọ sínú àpò gàárì ní ilé ẹṣin. Ìyá rẹ ní ẹṣin náà lè wúkọ́, ká má lọ fi ọ̀rọ̀ kó bá a.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, o pè. Mò ń retí kó o bá mi wí. Ohun tó o sọ ni pé Lebone ti di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọlidé ò tíì súnmọ́, pé báàgì náà ló ń gbé sùn. O bi mí bóyá a ṣì dára, ohùn rẹ tutù pẹ̀sẹ̀. Nígbà yẹn ló yé mi pé o ti mọ̀, o kàn fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ojú má baà tì mí. Keneuoe, ìtìjú yẹn pọ̀ ju kí o gbá mi létí lọ. Mo ní a dára. Ìyá rẹ kọrin.

Lẹ́yìn tó o kúrò lórí fóònù, mo jókòó, mo ronú kan bàbá Molefi. O mọ̀ ọ́n, òun la jọ ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀ níbi ìwakùsà fún ọdún mọ́kàndínlógún, a jọ fa eruku kan náà símú, a jọ padà wálé. Òun náà gbé ikọ́ pamọ́. Ó ní ikọ́ ọkùnrin tó ti wa wúrà ni, kò ní ìtumọ̀. Orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọmọ Molefi, ọmọ ọmọ rẹ̀, máa ń sùn. Lóṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, èmi wà lára àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ fún ọmọ náà, ilẹ̀ ti dì bí irin, bẹ́ẹ̀ ihò náà ò tilẹ̀ gùn. Mo ti mọ gbogbo èyí, mo ṣì sọ fún ọ pé ẹṣin ò sín. Mi ò mọ irú èèyàn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, àfi èmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mo gun ẹṣin lọ sí kíléníìkì. Nọ́ọ̀sì Liako ló bá mi kọ fọ́ọ̀mù. Ó béèrè ọdún tí mo lò nínú ilẹ̀, mo sọ. Ó béèrè gbogbo ẹni tá a jọ ń sun yàrá kan, mo sọ òtítọ́ nítorí irọ́ ti sú mi. Mo ní ìyá Keneuoe, adìyẹ méjì, ológbò, àti ọmọ àgùntàn kan tí kò tíì pé oṣù méjì. Ó kọ ìyá rẹ sílẹ̀, ó ní tàwọn yòókù kò pọn dandan. Mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọmọ àgùntàn náà ó kéré tán, nítorí òun ló súnmọ́ mi jù lóru. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sí etí ìwé. Ó wá béèrè ẹni tó tún sùn níbẹ̀ láti ìgbà Àjíǹde, mo ní ìwọ. Ikọ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tó o wà níbí, mo fi ìka kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó ní kí ìwọ náà lọ yẹ ara rẹ wò. Jọ̀ọ́, lọ, má dúró de ìgbà tí iṣẹ́ bá dínkù.

Ó fún mi ní ìgò kékeré kan. Nítorí pé ẹ̀bùn ìjọba ni, mo fi omi fọ ẹnu mi dáadáa, mo tu itọ́ tó mọ́ sínú rẹ̀, funfun báláú. Ó ní kì í ṣe itọ́ lòun fẹ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó wá láti ìsàlẹ̀ àyà ni. Mo ní ìyẹn ò ṣeé gbé fún ọmọ obìnrin láàárọ̀. Ó ní kí n gbé e wá bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi mọ́tò gbé e lọ sí ọsibítù Mokhotlong, ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń ka kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bí ẹni ń kàwé. Ọjọ́ kẹrin ni Nọ́ọ̀sì Liako fúnra rẹ̀ wá sílé. Ikọ́ àwúgbẹ ni. Ìyá rẹ ti yẹ ara rẹ̀ wò, kò ní nǹkan kan, ó tiẹ̀ ń fi yangàn.

Má sunkún. Wọ́n ti fún mi ní oògùn, ó ṣeé wò sàn, ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó lójú ìyá rẹ, tó máa ń ní kí n la ẹnu kí òun rí abẹ́ ahọ́n. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lò ó, ìtọ̀ mi pọ́n bí ọsàn. Mo dúró lẹ́yìn ọgbà ẹran, mo ń dágbére fún àwọn òkè. Mo wọlé, mo sọ fún ìyá rẹ ẹni tó máa jogún gàárì mi. Ó ní nọ́ọ̀sì ti sọ fún òun pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí, pé òun gbàgbé ni. Mi ò gbà pé ó gbàgbé. Torí ti fèrèsé ni.

Oṣù mẹ́fà ni màá fi lò ó. Lẹ́yìn oṣù méjì wọ́n máa tún kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi kà, gbogbo rẹ̀ á sì parí nínú oṣù kọkànlá. Ọlidé òtútù ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì Liako ní ikọ́ náà lè má ràn mọ́ nígbà yẹn tí mo bá ń lo oògùn déédéé, ṣùgbọ́n nítorí ọmọ tí àyà rẹ̀ ò lágbára, kí a tún ronú sí i. Ìyá rẹ ní a ó fi fèrèsé sílẹ̀ ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru, ó ní òun fúnra rẹ̀ máa wó ògiri yẹn tó bá gbà bẹ́ẹ̀, pé èmi lè máa sùn lọ́dọ̀ ẹṣin. Mo rò ó. Mo rò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé tí Lebone bá wọlé, kò ní dúró sí ẹnu ọ̀nà, àyà mi yìí gan-an ló máa fò mọ́.

Nítorí náà, Keneuoe, má gbé Lebone wá ní ọlidé yìí. Mo ti kọ ọ́. Ìyá rẹ béèrè ohun tí mo kọ tí mo fi dúró, mo sọ fún un, ó gbé igbá ọkà rẹ̀ jáde síta, kò tíì wọlé.

Máa fi kúbùsù bo àyà ọmọ náà tó bá ń lọ sílé ìwé, kó jẹun gbígbóná kó tó jáde, kó sì máa fọ ọwọ́. Ìwọ náà, ohun tí o ń kọ sí gbogbo wa láago méje, máa ṣe é. Owó ọkọ̀ tí o ti fi pamọ́ fún ẹ̀yin méjèèjì, pín in sí méjì. Fi ìdajì ra ohun tí Lebone bá fọwọ́ kàn nínú ṣọ́ọ̀bù, má bá a jà lórí rẹ̀. Fi ìdajì tó kù ránṣẹ́ sí mi kí n fi ra ẹyin àti wàrà, nítorí oògùn yìí ń mú kí ebi máa pa èèyàn lórí ebi. Mo ti gbé fóònù padà wálé báyìí tí kò sí àṣírí mọ́. Ṣùgbọ́n má fi owó náà ránṣẹ́ láago méje, kó má baà dàpọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìlera.

Kí Ọlọ́run àwọn bàbá wa tú àyà Lebone sílẹ̀ kó máa mí dáadáa. Kí abẹ́rẹ́ má gún ọ lọ́wọ́, kí òtútù Maseru má rí ilé rẹ wọ̀, kí Kérésìmesì bá èmi àti ìyá rẹ nídùúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ̀yin sì máa gun òkè bọ̀.

Ó ku ohun kan. Má pè wá ní ọjọ́ Àìkú yìí, má sì pè ní èyí tó tẹ̀ lé e. Nínú lẹ́tà, mo lè ní kí Lebone má wá. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé fóònù sí i létí, tó bi mí pé ìgbà wo lòun ń bọ̀, mo mọ ara mi, màá ní kó máa bọ̀ lọ́la.

Èmi ni bàbá rẹ,
Letlatsa.